Fèrèsé Ìlà-Oòrùn

Iná ti lọ kí n tó tú àpò mi.
Mojírádé jókòó lórí àpótí ìyá àgbà rẹ̀,
gèlè ti gún tán, ọrùn rẹ̀ le bí pákó.
Mo ní, "Fọkàn balẹ̀. Fèrèsé ló máa yà ọ́,
èmi kàn máa tẹ bọ́tìnì ni."

Mo yọ kàlẹ́ńdà ìjọ kúrò lára ògiri.
Àmì rẹ̀ kù síbẹ̀, igun mẹ́rin tó funfun ju ìyókù lọ,
bí ẹni pé àwọn ọdún tó kọjá ṣì ń yọjú wò wá.
Mo ti bẹ́ẹ̀dì sẹ́yìn, mo gbé bàtà, àwo,
àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n di ẹ̀wà sí.
Iṣẹ́ wa yìí, ìdajì rẹ̀ ilẹ̀ gbígbá ni.

Níta, oòrùn àárọ̀ kọlu àpáta Ìkéré,
àpáta dá a padà sínú yàrá fún wa,
ìmọ́lẹ̀ tó kúnná bí ògì tí a sẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.
Dúródọlá, àbúrò rẹ̀, na aṣọ ibùsùn funfun
kó lé òjìji kúrò lábẹ́ àgbọ̀n ẹ̀gbọ́n rẹ̀.
Ọmọ ọdún mọ́kànlá. Apá rẹ̀ ń gbọ̀n,
kò ráhùn.
Ẹni tó kọ́ ọ ní a-b-d ló ń lọ lọ́la.

"Kọ èjìká sí fèrèsé, kọ ojú sí mi.
Má fún ọwọ́ pọ̀. Dì í mú
bí ẹni tó di ẹyin adìyẹ ẹlòmíràn lọ́wọ́.
Mí. Tún mí. Àgbọ̀n wálẹ̀ díẹ̀. Ó tó."

Mo yà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Gbogbo rẹ̀ dára, gbogbo rẹ̀ ṣófo.
Ẹnu rẹ̀ kò là. Ó ní eyín iwájú òun kan kán
nígbà tí òun ṣubú lẹ́sẹ̀ Òkè Orólé, lọ́jọ́ tí òun lọ ṣẹ́gi;
ọkọ òun mọ̀, ṣùgbọ́n fọ́tò kò gbọdọ̀ mọ̀.
Bàbá mi, tó kọ́ mi níṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn,
a máa sọ pé fọ́tò kì í ṣe ọlọ́pàá, àlejò ni,
ohun tí o bá gbé síwájú rẹ̀ ló máa jẹ.
Mi ò sọ ọ́ fún un. Mo dúró.

Ìyá àgbà wọlé láìkan ilẹ̀kùn,
ó ń wá ìgò òróró rẹ̀.
Ó rí ọmọ náà nínú ìmọ́lẹ̀, ó gbàgbé ìgò.
Ó wo iyùn. Ó wo aṣọ òfì. Ó wá wo ìsàlẹ̀:
"Ta ló ní kó jókòó sórí àpótí mi?
Aṣọ ìyàwó tèmi ló wà nínú ẹ̀,
kọ́kọ́rọ́ ti sọnù nínú ulé yìí láti ọjọ́ pípẹ́.
Bí ìdí rẹ bá fọ́ ọ, o ti bá mi ṣí i nìyẹn!"

Mojírádé bú sẹ́rìn-ín.
Eyín kíkán jáde, gèlè wọ́ sápá kan,
Dúródọlá ju aṣọ funfun sílẹ̀,
òjìji padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì yẹ ẹ́.
Ìka mi ti tẹ̀ ẹ́ kí n tó mọ̀.

Ó ní kí n pa á rẹ́. Mo ní kò burú.
Ó tún wò ó nínú gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà,
ó fi èékánná kan eyín ara rẹ̀ níbẹ̀, jẹ́jẹ́.
"Ẹ jẹ́ ó wà ná. Ẹ ṣáà má fi sínú álíbọ́ọ̀mù."

A ṣe ìyókù: ti ìdúró, ti ẹ̀gbẹ́, ti ojú sísọ̀kalẹ̀,
èyí tí ìyá ọkọ máa fẹ́ gbé kọ́ sí pálọ̀.
Iná dé nígbà tí mo ń di ẹrù.
Gílóòbù tàn rúsúrúsú, ibẹ̀ di yàrá lásán.
Ìyá àgbà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ìka kan àpótí, kó, kó,
ó dẹtí sí i.

Mo dá kàlẹ́ńdà padà sí àyè rẹ̀.
Ó wọ́ díẹ̀. Mi ò tún un ṣe.